Iṣin Tí Kò Tíì La Ẹnu: Ẹ Ṣọ́ Àwọn Ọmọ Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rírun. Ọ̀rọ̀ igi kan ni, igi tí àwọn bàbá wa jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ ta ayò, tí àwa náà sì jẹ èso rẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Igi iṣin ni mo ń wí. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì ni ẹ máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà ọlidé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin kan sáré gbé ọmọ rẹ̀ wọ dìsípẹ́ńsárì wa ní Ifisin-Èkìtì. Ọmọ ọdún 4 ni. Ó ti bì nígbà mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó sì ti rọ sí èjìká ìyá rẹ̀, kò dáhùn mọ́ bí a bá pè é. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ tutù, òógùn sì bò ó. Ìyá rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí, ibà ti gun ọmọ mi lórí." Mo bi í pé kí ni ọmọ jẹ lánàá. Ó ní kò jẹ oúnjẹ alẹ́, pé ó ti sùn lọ kí òun tó ro àmàlà tán, àánú rẹ̀ sì ṣe òun, òun kò jí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 8 tí ó tẹ̀ lé wọn wá, ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ó ní, "A jẹ iṣin lẹ́yìn ilé lánàá, mà. A fi òkúta fọ́ ọ."

Nígbà tí mo gbọ́ òkúta yẹn, àyà mi já. Iṣin tí ó gbó tí ó sì là kò nílò òkúta. Mo gún ọmọ náà lórí ìka, mo kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń ní ju 70 lọ lójú ẹ̀rọ yìí. Ti ọmọ yìí jẹ́ 31. A fi omi ṣúgà sí i lára láti ojú iṣan kíákíá, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láìdúró. Ó là á já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ iṣin kan náà bì lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí pé òun jẹ àmàlà rẹ̀ yó kó tó sùn, ó sì dàgbà jù ú lọ.

N kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá tí ó ń bì tí gìrì sì ń mú un. Mo ní ibà ni. Mo fún un lábẹ́rẹ́ ibà, mo ní kí ìyá rẹ̀ máa fi omi nu ara rẹ̀. N kò bèèrè ohun tí ó jẹ. Ọmọ náà kò rí ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán ni mo tó gbọ́ pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ká iṣin tútù jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó gbé òkú rẹ̀ lọ. Ọpẹ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

IRÚ IGI WO NI IṢIN?

Ẹ̀yin tí a bí sí ìlú ńlá lè máà mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Igi ilẹ̀ wa ni, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà yìí. Ó máa ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, àwọn ènìyàn a sì máa gbìn ín tàbí kí wọ́n dá a sí ní àgbàlá, lójú ọ̀nà oko àti létí ọjà, nítorí pé ewé rẹ̀ kì í wọ́ dànù tán, òjìji rẹ̀ sì dára. Èso rẹ̀ rí roboto, ó ní igun mẹ́ta. Bí ó bá ṣì kéré, ó tutù bí ewé. Bí ó bá ń gbó, á pọ́n, á pupa tàbí kí ó pupa mọ́ yẹ́lò. Bí ó bá gbó délẹ̀délẹ̀, èèpo rẹ̀ á là sí mẹ́ta fúnra rẹ̀ lórí igi, á la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, a ó sì rí kóró dúdú mẹ́ta tí ń dán nínú rẹ̀. Lábẹ́ kóró kọ̀ọ̀kan ni ara rẹ̀ tí ó funfun bí ìpara wà. Ara funfun yìí nìkan ni a ń jẹ. Èèpo kì í ṣe jíjẹ, kóró kì í ṣe jíjẹ, bẹ́ẹ̀ ni awọ pupa fẹ́lẹ́ tí ó wà ní àárín ara funfun náà kì í ṣe jíjẹ.

Oúnjẹ gidi ni ara funfun yìí o. Ó kún fún ọ̀rá tí ó ń fún ni lágbára. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ ní tútù, àwọn kan ń dín in, àwọn ìyá àgbà mìíràn a sì máa yan án sínú ọbẹ̀. Wọ́n tún ń fi eérú èèpo rẹ̀ ṣe ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ní àwọn ibi kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, àwọn apẹja a máa gún èso iṣin dà sínú omi láti fi pa ẹja. Ohun tí ó bá lè mú ẹja léfòó lójú omi, ó yẹ kí á bẹ̀rù rẹ̀ nínú ikùn ọmọ.

IṢIN KỌJÁ ÒKUN

Ní ayé òwò ẹrú, wọ́n gbé iṣin láti ìhà ọ̀dọ̀ wa kọjá òkun lọ sí erékùṣù Jàmáíkà, ní nǹkan bí ọdún 1778. Ní 1793, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ William Bligh, gbé e láti ibẹ̀ lọ sí ọgbà igi ní Kew, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ igi ṣe sọ iṣin ní Blighia sapida. Ẹ ò rí ayé! Igi tí àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ kí a tó bí Bligh ni wọ́n wá fi orúkọ Bligh pè.

Ní Jàmáíkà, iṣin ti di èso orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n ń pè é ní ackee, wọ́n sì ń sè é pẹ̀lú ẹja gbígbẹ oníyọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn kan tẹ̀ lé e níbẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní àìsàn èébì Jàmáíkà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ àwọn tálákà ni ó pa. Wọ́n rò ó títí pé ibà ni, pé àrùn inú ni. Ní 1916, Dókítà H. H. Scott kọ̀wé pé èso iṣin tí kò gbó ni ó fa àìsàn náà. Ní 1954, àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Jàmáíkà, Hassall àti Reyle, kéde pé àwọn ti yọ májèlé náà sọ́tọ̀ láti inú iṣin. Wọ́n sọ ọ́ ní hypoglycin, nítorí pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ relẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Láti oṣù January sí May 1998, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Burkina Faso, ọmọ 29 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 2 sí 6 ni a gbọ́ pé wọ́n kú. Wọ́n bì, gìrì mú wọn, wọ́n dákú. Nígbà tí àwọn oníwádìí lọ wo ilé wọn, ohun tí wọ́n rí pé ó ya ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ́tọ̀ sí ilé mìíràn ni pé igi iṣin wà nítòsí. Burkina Faso kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ Áfíríkà ti ìwọ̀-oòrùn kan náà ni, igi kan náà sì ni.

BÍ MÁJÈLÉ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àká ṣàlàyé rẹ̀. Ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. Kì í ṣe ṣúgà inú páálí nìkan ni mo ń wí o. Iṣu, ẹ̀bà, ìrẹsì, gbogbo wọn ni ara ń sọ di ṣúgà. Bí a bá jẹun tán, ara á ná díẹ̀, á sì kó ìyókù pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ bí ẹni kó àgbàdo sínú àká. Bí a bá sùn tí oúnjẹ kò sí nínú ikùn mọ́, ara á máa mú díẹ̀díẹ̀ láti inú àká yìí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí àká bá ń tán lọ, ara á yíjú sí ọ̀rá tí ó ti fi pamọ́, á máa fi í ṣe agbára, á sì máa pèsè ṣúgà tuntun.

Iṣẹ́ tí májèlé iṣin ń ṣe nìyí: ó ń ti ilẹ̀kùn ibi tí ọ̀rá wà. Ara kò lè lo ọ̀rá mọ́, kò sì lè pèsè ṣúgà tuntun mọ́. Ìwọ̀nba tí ó wà nínú àká nìkan ni yóò máa ná. Bí ìyẹn bá tán, ọpọlọ kò ní oúnjẹ mọ́ nìyẹn. Ọmọ á rọ, á dákú, gìrì á mú un.

Ẹ wá rí i ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọmọdé ni ó ń pa ju àgbà lọ. Àká ọmọdé kéré. Bí iṣin méjì tàbí mẹ́ta bá wọ inú ọmọ kékeré, ó pọ̀ fún ara rẹ̀ ju bí yóò ti pọ̀ fún ara bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, tí ó ti rù, kò ní nǹkan kan nínú àká rárá. Ọmọ tí ó bá sì sùn láìjẹ oúnjẹ alẹ́, àká rẹ̀ ti ń tán lọ kí àkùkọ tó kọ. Nítorí ìdí èyí ni àìsàn yìí fi sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Èso kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní litchi, ìdílé igi kan náà ni òun àti iṣin ti wá. Ní ìlú Muzaffarpur, láàárín May 26 sí July 17, 2014, aláìsàn 390 ni wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn ńlá méjì, ọmọdé sì ni gbogbo wọn. Nínú wọn, 122 kú. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé jíjẹ litchi àti àìjẹ oúnjẹ alẹ́ ni ó pàdé ara wọn. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn òbí ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan sùn láìjẹun, kí wọ́n dín litchi kù fún ọmọdé, kí wọ́n sì tètè fún ọmọ tí ó bá ń ṣàìsàn ní ṣúgà. Ìmọ̀ràn yẹn bá àwa náà mu.

ÀMÌ ÀÌSÀN NÁÀ

Bí ọmọ bá jẹ iṣin tí kò gbó, àmì rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èébì lójijì. Nígbà mìíràn, èébì náà á dáwọ́ dúró, ọmọ á sùn, àwọn òbí á ní ọpẹ́ ni fún Olúwa, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oorun yìí tàn yín jẹ. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, èébì lè padà dé, ọmọ á rọ, òógùn tútù á bò ó, kò ní mọ ẹni tí ń pè é mọ́, gìrì á sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin á ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí bí ibà ṣe ń ṣe nìyẹn?" Ó jọ ọ́ lóòótọ́, ìjọra yìí gan-an ni ó ń pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tí ibà ń ṣe sábà máa ń gbóná, èyí tí iṣin bá mú kì í sábà gbóná. Àmọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán dá ẹjọ́ nílé o. Ibà líle náà lè mú kí ṣúgà ọmọ relẹ̀, òun náà ń pa ọmọ. Yálà ibà ni tàbí iṣin, ọmọ tí ó bá ń bì tí ó sì rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Èkíní, bí ọmọ bá ṣì mọ ara rẹ̀ tí ó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà sínú omi, kí ó dùn dáadáa, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí ó bá bì í, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fún un.

Èkejì, bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Omi lè gba ọ̀nà òfuurufú wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì pa á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì kan, ẹ kán omi ẹ̀kán kan tàbí méjì sí i kí ó lè rin, kí ẹ fi í sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú 20, 20, títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbéra lọ́gán. Ṣúgà inú ilé kì í ṣe òpin ìtọ́jú, ìrànwọ́ ojú ọ̀nà ni. Májèlé náà ṣì wà lára, ṣúgà tí ó gòkè lè tún wálẹ̀. Ọmọ náà nílò omi ṣúgà ojú iṣan àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà jẹ́ èyí: "Ó jẹ iṣin." Bí ẹ bá rí èèpo tàbí kóró rẹ̀ nílẹ̀, ẹ mú un dání. Bí àwọn ọmọ mìíràn bá jọ jẹ ẹ́, ẹ kó gbogbo wọn wá, kódà bí wọ́n bá ń ṣeré. Ẹ má sì na ọmọ kí ó tó jẹ́wọ́, nítorí ọmọ tí ó bá ń bẹ̀rù ẹgba yóò purọ́, irọ́ náà yóò sì pa àbúrò rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ọ̀rọ̀ yìí lè korò létí àwọn àgbà kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ má ṣe ro epo pupa sí ọmọ lẹ́nu. Epo kò pa májèlé yìí, ó sì lè há ọmọ ní ọ̀nà èémí. Ẹ má ṣe kó ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kí ó bì. Ẹ má ṣe ti ṣíbí bọ àárín eyín ọmọ tí gìrì ń mú, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jìnnà sí àgbo gìrì tí a fi ìtọ̀ màálù, ewé tábà àti ayù ṣe. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń ké gbàjarè lórí àgbo yìí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé òun gan-an a máa mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ relẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti burú tó: iṣin ti kó ṣúgà ọmọ lọ, àgbo wá kó ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù. N kò sọ pé gbogbo ewé àti egbò burú, èmi náà mu àgbo dàgbà. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àgbo, ikú ni.

BÍ A ṢE Ń JẸ IṢIN LÁÌSÍ EWU

Ẹnìkan lè wí pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á gé gbogbo igi iṣin dànù." N kò bá a sọ bẹ́ẹ̀. Igi tí ó fún wa ní òjìji àti oúnjẹ láti ayébáyé kò jẹ̀bi. Àìmọ̀ ni ó jẹ̀bi. Àwọn àgbà wa mọ òfin rẹ̀, wọ́n ní kí á dúró kí iṣin la ẹnu kí á tó jẹ ẹ́. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní kò sọ ohun mìíràn. Májèlé tí ó wà nínú ara iṣin tútù pọ̀ gan-an, bí ó bá ń gbó ni ó ń dín kù, nígbà tí ó bá sì là fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba kín-ún ni ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ti inú kóró kì í tán. Bí iṣin gbó bí kò gbó, kóró rẹ̀ májèlé ni.

Nítorí náà, ẹ fi ìlànà yìí sínú ilé yín:

Iṣin tí ó là fúnra rẹ̀ lórí igi nìkan ni kí ẹ jẹ. Pípọ́n nìkan kò tó. Ó lè pupa fòò kí ó má tíì là. Èyí tí a fi òkúta fọ́, tí a fi ọ̀bẹ là, tàbí tí a ká ní tútù tí a sì sá sí oòrùn kí ó lè yanu, ẹ má fi kan ẹnu.

Èyí tí ó jábọ́ sílẹ̀ láìlà, ẹ gbá a dànù. Èyí tí ó là ṣùgbọ́n tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ tí ó ti rà, ẹ gbá òun náà dànù.

Ẹ yọ kóró kúrò pátápátá. Ẹ ya ara funfun náà sí méjì, kí ẹ fa awọ pupa àárín rẹ̀ yọ. Ẹ ṣan án.

Ẹ sè é nínú omi púpọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ẹ da omi rẹ̀ nù. Májèlé náà a máa yọ́ sínú omi, nítorí náà omi iṣin kì í ṣe omi ọbẹ̀. Bí ẹ bá da omi nù tán, ẹ lè wá dín in tàbí kí ẹ fi se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: sísè kò sọ iṣin tútù di iṣin gbígbó. Ẹni tí ó bá sè é títí di alẹ́, bí kò bá gbó, ewu ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ kéékèèké kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ láìsí àgbà níbẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lórí ebi.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, tí ẹ ń ra iṣin inú agolo lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà, èyí tí àwọn aláṣẹ bá ti yẹ̀ wò ni kí ẹ rà. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin de wíwọlé rẹ̀ láti 1973. Ní 2000 ni wọ́n tó gba àwọn ilé iṣẹ́ kan láyè, àwọn tí wọ́n fi hàn pé májèlé inú iṣin tiwọn kò kọjá ìwọ̀n. Bí ìlú tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ bá ń ṣọ́ra, àwa tí igi náà wà lẹ́yìnkùlé wa ńkọ́?

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ FÚN Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ọmọ ìlú ńlá náà wà nínú ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ oko ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé iṣin tí kò là kì í ṣe jíjẹ. Ọmọ yín tí ó ti Èkó dé kò mọ̀. Agbálùmọ̀ ni ó mọ̀, èyí tí ó jẹ́ pé bí kò bá pọ́n, kíkan ni yóò kan án lẹ́nu, kò ní pa á. Á rí èso pupa lórí igi, á rò pé bákan náà ni. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọmọ ránṣẹ́ sílé, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò tí iṣin máa ń so, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi igi náà hàn án. Ẹ sọ fún un pé, "Bí kò bá la ẹnu, má ṣe la ẹnu sí i." Ọmọdé kì í gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí igi iṣin wà ní àgbàlá yín, ẹ máa gbá abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ kí àwọn ọmọ tó jí. Ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ọmọ bá sùn láìjẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wí pé ẹ kò fẹ́ da oorun rẹ̀ rú. Ẹ jí i, kí ó jẹ òkèlè díẹ̀ tàbí kí ó mu ẹ̀kọ. Òkèlè àmàlà ni ó yọ ọmọkùnrin ọdún 8 yẹn nínú ewu, ọmọ náà kò sì mọ̀ títí di òní.

Ọmọ ọdún 4 tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé. Bí ó bá ń kọjá níwájú dìsípẹ́ńsárì, á kígbe pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ o!" Bí mo bá dá a lóhùn, mo máa ń rántí ọmọbìnrin kejì yẹn, ẹni tí n kò bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ bá mi bèèrè ìbéèrè náà nínú ilé yín: "Kí ni ẹ jẹ lónìí?" Ẹ bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, pàápàá nígbà iṣin.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Olúwa yóò dá àwọn ọmọ wa sí.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì Dìsípẹ́ńsárì,
Ifisin-Èkìtì.